Ẹnu Tó Ń Tọ́ Ọtí Wò, Tí Kì í Gbé e Mì

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìbéèrè yín pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Sakété ni ọ̀dọ́ tó bá ti parí ìwé ti ń wá jókòó sórí àga gbọọrọ iwájú ilé mi, pé kí n sọ fún òun bóyá iṣẹ́ ilé oúnjẹ dára, bóyá òun náà lè fi imú àti ẹnu wá oúnjẹ òòjọ́ bíi tèmi. N óò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbọ́ ọ, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọtí ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tọ́ wò. Kì í ṣe ẹmu, kì í ṣe sódábì, ògógóró ilẹ̀ wa. Ọtí èso àjàrà ni, èyí tí ẹ̀ ń rí nínú Bíbélì, pupa rẹ̀ àti funfun rẹ̀. Ìdílé kan ní ilẹ̀ Faransé ló ń gbin àjàrà náà, àwọn náà ló ń fún un, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú igo. Wọ́n ní ilé ìtajà kan ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú àwọn tábìlì lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí oníbàárà ti lè jẹun, kí ó sì mọ ọtí tó bá oúnjẹ rẹ̀ mu. Ọmọge tó ń fọ ife ni mo bá wọ ibẹ̀. Irun funfun ni mo bá jáde. Bí mo ṣe wọlé kò ní ìtàn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi láti Yoko ló ń gbé gaàrí wá fún alásè wọn, òun ló mú mi lọ. Owó ibẹ̀ bọ́ ọmọ, kò kọ́ ilé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Sẹ̀dónù, ọmọ Gun, ọkùnrin tó ga, tó máa ń wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ kó le gbagidi. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwa tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí ẹni tó le bíi rẹ̀ rí. Bí mo bá fọ ife tán, yóò gbé e sókè, yóò ki imú bọ̀ ọ́. Bó bá gbọ́ òórùn ọṣẹ díẹ̀ báyìí, yóò kó gbogbo ife orí àtẹ padà sínú omi, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. N kò gbọdọ̀ fi ìpara olóòórùn para. N kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà tútù kí n tó wá síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fi òróró tuntun sí irun wá, ó dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà.

"Bẹ́nádẹ́tì," ó ní, "ṣé ọtí la ń tà níbí, tàbí irun rẹ?"

Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan igo, ó ń mú mi lọ sí ọjà. Yóò fi aṣọ ìnuwọ́ tábìlì di ojú mi láàárín àwọn ìyálọ́jà, tí wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, yóò wá máa gbé nǹkan sí mi nímú.

"Kí nìyí?"

"Gúáfà ni, Bàbá."

"Èyí tó pọ́n tàbí èyí tó kù díẹ̀ kó pọ́n?"

"Èyí tó pọ́n."

"O ò fara balẹ̀. Tún un gbọ́."

Báyìí la ṣe rìn ín. Èèpo ọsàn, ata ilẹ̀, kókó gbígbẹ, igi tí òjò pa, awọ bàtà tuntun. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọtí àjàrà, pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n níta kò lè dá wọn mọ̀ nínú ife. Ní ti ẹnu, kò fi dandan mú mi. Ó mọ̀ pé ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní Àjàṣẹ́ gan-an, tí kì í fọwọ́ kan ọtí rárá. Bàbá mi sì ni olùṣọ́ àgùntàn wa ní Sakété. Bàbá Sẹ̀dónù ní, "Imú kì í dẹ́ṣẹ̀. Fi imú kọ́ iṣẹ́ ná."

Ọtí mẹ́rin ni oko wọn ń fi ránṣẹ́. Funfun méjì: ọ̀kan ń kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́, ìkejì ní adùn díẹ̀. Pupa méjì: a ń pe èyí tó fúyẹ́ ní Àbúrò, a ń pe èyí tó wúwo ní Àgbà. Ohun tó wá kù ni kí n mọ oúnjẹ tó bá ìkọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn Faransé ti tẹ ìwé pélébé kan tó ní kí a fi funfun jẹ ẹja, kí a fi pupa jẹ ẹran. Mo há a sórí. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Sẹ̀dónù gbé àwo ẹja méjì síwájú mi. Wọ́n din ọ̀kan, wọ́n gé tòmátì àti àlùbọ́sà tútù lé e, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀ ẹyìn ni ìkejì, ọbẹ̀ náà ki, ó pọ́n.

"Èwo lo máa fún ní funfun?"

"Méjèèjì, Bàbá. Ẹja ni wọ́n."

Ó gbé àwo kúrò níwájú mi, ó ní kí n padà síbi ife. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá kó tó tún bá mi sọ̀rọ̀ ọtí. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Ọbẹ̀ ni ọtí ń fẹ́, kì í ṣe ohun tó wà nínú ọbẹ̀." Ó ní ẹja dídín fẹ́ ọtí funfun tó ń kan, nítorí òróró rẹ̀ ń wá ohun tó máa nù ún kúrò lẹ́nu. Ẹja inú ọbẹ̀ ẹyìn, Àbúrò ni kí n fún un, kí n sì ki igo náà bọ inú omi tútù díẹ̀ kí n tó ṣí i. Àgbà máa ń mú ahọ́n gbẹ bíi ti ẹni tó jẹ obì, ọ̀rá ẹran ewúrẹ́ sísun ló ń tù ú lójú. Ṣùgbọ́n bí ata bá pọ̀ lórí ẹran náà, kí n má gbé Àgbà dé ibẹ̀ o, iná ló máa dá sí oníbàárà lẹ́nu. Funfun aládùn ló ń pa iná ata. Òun náà ló ń bá wàgásì rìn, wàrà àwọn Fúlàní tí a bá dín in. Bí àwọn aládùúgbò bá sì se àmìwó, ọkà àgbàdo tí a fi tòmátì rò, pẹ̀lú adìyẹ, Àbúrò ni. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan nígbà náà. Inú Bàbá Sẹ̀dónù ló wà, ó sì ń bù ú fún mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀.

Nígbà tí mo ti di ẹni tó ń gbé ọtí kiri láàárín tábìlì, iṣẹ́ ńlá kan dé láti Pobè. Oníṣòwò epo pupa kan ń fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ, ó sì fẹ́ ọtí àjàrà lórí gbogbo tábìlì. Pàtírọ́n wa, ẹni tó ni oko àjàrà fúnra rẹ̀, ti wá kí wa láti ilẹ̀ Faransé lásìkò náà. Ó ní òun máa bá wa lọ, kí òun rí bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun pẹ̀lú ọtí òun. Ọkọ̀ tó kó ọtí ti ṣíwájú wa lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. A kò mọ̀ pé ó kú sójú ọ̀nà nígbà tó kọjá Sakété, pé awakọ̀ wá mẹkáníìkì lọ, ó sì fi àwọn àpótí sílẹ̀ láìbò, nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí mo ṣí àpótí àkọ́kọ́ ní Pobè, mo rí i pé èdídí igo ti yọrí sókè. Èèpo igi tí wọ́n fi dí igo, tó yẹ kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ti ga bí orí olú. Ọrùn igo mìíràn ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Sẹ̀dónù ṣí ọ̀kan, ó rọ díẹ̀ sínú ife, ó yí i, ó gbọ́ ọ, ó tọ́ ọ wò.

"Ó dára," ó wí.

Èmi náà gbé ife náà. Òórùn tòmátì inú agolo tí wọ́n gbàgbé lórí iná ló kọlù mí.

"Bàbá," mo rọra pè é, mo sún mọ́ ọn kí àwọn yòókù má bàa gbọ́, "ọtí yìí ti jiná."

"Kí ló jiná?"

"Oòrùn ti sè é. Ẹ wo èdídí igo bó ṣe yọ."

"Ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní ọtí?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ tún un gbọ́."

Ó tún gbé e. Imú rẹ̀ pẹ́ nínú ife náà. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń wá nǹkan kiri, bí ojú ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú koríko. Ó gbé ife kalẹ̀.

"Ó dára. Gbé e jáde."

Àṣẹ ọ̀gá ni. Mo gbé e jáde. Ẹran ewúrẹ́ sísun wà lórí tábìlì, ọ̀yà wà nínú ọbẹ̀ ẹyìn, gbogbo ohun tó yẹ kí Àgbà àti Àbúrò bá ṣeré. Pàtírọ́n mú ife rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife náà. Bàbá ìyàwó tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín.

"Mùsé, àbí ọtí yín kò dùn mọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu ni?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Pàtírọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ lédè Faransé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún."

Bí ẹ̀rín ṣe dá nìyẹn. Níṣojú àwọn tó wá láti Igana, láti Sakété, láti Kútọnu, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó igo kúrò lórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Ìyá arúgbó kan bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé májèlé ni?" Kí a tó kó igo tán, ọ̀rọ̀ májèlé ti dé títì. Wọ́n sáré lọ ra bíà àti sódábì. Ìyàwó ń wò wá láti orí ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tí a jí ọjọ́ rẹ̀ gbé. Bàbá Sẹ̀dónù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, aṣọ ìnuwọ́ lórí apá rẹ̀, kò sì ṣí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi ní kí a máa lọ.

Ọkọ̀ gbé wa padà dé Sakété. Ibẹ̀ ni Bàbá Sẹ̀dónù ti ní kí awakọ̀ dúró, a sọ̀ kalẹ̀.

"Bẹ́nádẹ́tì, n kò gbọ́ òórùn mọ́."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ìgbà ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ lásìkò òjò. Mo rò pé ó máa padà."

"Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lẹ̀ ń tọ́ ọtí wò fún wa. Ẹ ń sọ bó ṣe rí."

"Mo ń rántí ni," ó wí. "Mo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Mo kàn ń rántí rẹ̀."

Kò sunkún. Ó ń fi ìka nu imú rẹ̀ léraléra, bí ẹni pé eruku ló dí i.

Pàtírọ́n fẹ́ lé e lọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣe imú rẹ̀, ó pè mí. Ó ní Bàbá lè dúró, kí ó máa kí oníbàárà, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí igo tó máa jáde láìjẹ́ pé mo tọ́ ọ wò. Pẹ̀lú ẹnu o. Imú nìkan kò tó mọ́. Bí n kò bá lè ṣe é, wọ́n máa wá ẹlòmíràn, tí kò ní í nílò Bàbá. Mo tọrọ àyè kí n lọ sílé.

Bàbá mi ń tún aṣọ àdúrà rẹ̀ ká nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé wàá gbé e mì?" ó bi mí.

"Rárá, Bàbá. A máa ń tu ú sínú garawa ni. Kò ní í kọjá ọ̀nà ọ̀fun."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀. Ọlọ́run náà máa mọ̀."

Ó gbé aṣọ náà kalẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àyè gbà ọ́, kí ni n óò wí fún ọmọ ẹlòmíràn tó bá ń gbé e mì? O kò ní í kọrin mọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin."

Èmi ni mo máa ń gbé ohùn òkè. Láti kékeré. Mo wò ó bóyá inú ń bí i. Kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ìyá mi bu ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ fún mi, a jọ jẹun. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó. Ibẹ̀ ni mo sì wà títí.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́nu ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ máa rò pé ó dùn. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni, nígbà tí ẹnu kò tíì jẹ nǹkan. Mo ń bù ú sẹ́nu, mo ń yí i ká eyín, mo ń tu ú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọtí funfun ń jẹ eyín bí omi ṣe ń jẹ ògiri alámọ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá mu omi tútù, ó ń gún mi dé ìpàkọ́. Apá mi ń ro mí láti inú àpótí tí mo gbé. Ọjọ́ ọdún àwọn èèyàn ni ọjọ́ iṣẹ́ mi: Kérésìmesì, ìgbéyàwó, ìsìnkú. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi ló tọ́ àwọn ọmọ náà ní Sakété. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àlejò.

Irinṣẹ́ sì ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú ìkòkò ńlá tí a fi iyanrìn tútù yí ká la ti ń mú ọtí tutù. Nígbà tó yá fìrígò dé, ṣùgbọ́n iná ń lọ, a sì ń padà sídìí iyanrìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó ń fi nọ́ńbà sọ bó ṣe tutù tó. Èdídí igo tí a fi èèpo igi ṣe lọ, ìdérí tí a ń fi ọwọ́ yí dé. Bàbá Sẹ̀dónù yí ọ̀kan wò, ó ní, "Báyìí la ṣe ń ṣí omi." Ó gbé e padà fún mi. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ìkẹyìn, fóònù. Oníbàárà á ya fọ́tò oúnjẹ rẹ̀, fóònù á sọ ọtí tó bá a mu. Ó máa ń tọ̀nà nígbà mìíràn. Kò mọ̀ bóyá ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi í. Nígbà tí wọ́n ti àwọn tábìlì ẹ̀yìn pa, tí wọ́n sọ gbogbo ibẹ̀ di ibi ìkẹ́rù, wọ́n kí mi pé mo kú iṣẹ́. Mo wọ tákísì padà sí Sakété.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. Olùṣọ́ tuntun ní kí n padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Mo dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo la ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi. Mo kọrin náà dé ìdajì, mo jókòó.

Nítorí náà, ẹni tó ń bi mí bóyá kí òun ṣe é: bí o bá ní imú, tí o sì lè dúró, lọ. Mo rí ayé níbẹ̀, mo mọ nǹkan tí mi ò bá tí mọ̀. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ ohun tí iṣẹ́ náà máa gbà, má wo ohun tó máa fún ọ nìkan. Ọwọ́ tó ń fúnni náà ló ń gbani.

Bàbá Sẹ̀dónù pẹ́ láyé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló lọ. Kó tó kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kọlẹ́tì, ránṣẹ́ pè mí pé bàbá òun kò jẹun mọ́, bàbá ní gbogbo oúnjẹ dà bí òwú lẹ́nu òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí i. Lọ́jọ́ kan, Kọlẹ́tì din ẹja, ó gé tòmátì lé e, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé ẹ̀kọ àkàsà kalẹ̀. Mo ti mú igo funfun kan dání, èyí tó ń kan. Mo rọ díẹ̀ fún un. Mo dúró tì í bí mo ṣe máa ń dúró ti tábìlì, mo gbọ́ ọ, mo sì ń sọ ọ́ fún un.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, Bàbá. Gúáfà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì pọ́n tán. Bí ẹ bá mu ún lé ẹja, òróró yẹn máa lọ, tòmátì á wá dùn."

Ó bu ẹja, ó mu díẹ̀, ó pa ojú dé. "Máa bá a lọ," ó wí.

Mo ń sọ, ó ń jẹ. Ó jẹ dé ìdajì àwo. Ó wá la ojú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tó ń wo ife.

"Ó tó. Fa àga."

"Bàbá?"

"Fa àga, Bẹ́nádẹ́tì, kí o jẹun. O ti dúró pẹ́ jù."

N kò jókòó jẹun níwájú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fa àga. Ó ti ìdajì ẹja tó kù sọ́dọ̀ mi. Ó ti tutù, egungun sì pọ̀ níbẹ̀, a sì jọ jẹ ẹ́ tán.